Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Kò Pé ní Bogotá: Ohun Tí Àyà Ìyá Ṣe fún Ọpọlọ Wọn

Ní ọdún 1978, ní Instituto Materno Infantil, ilé ìwòsàn àwọn aláboyún kan ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ọmọ tuntun pọ̀ ju ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ara ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru, lọ. Ọmọ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, ni wọ́n ń tẹ́ sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí àrùn bá mú ọ̀kan, ó di ti gbogbo wọn. Àwọn mẹ̀kúnnù ló ń bímọ síbẹ̀, ìlú náà sì tutù: orí òkè ni Bogotá wà, ó fi nǹkan bíi 2,600 mítà ga ju òkun lọ. Ọmọ tí kò wọn kílógírámù méjì kò ní ọ̀rá lára tó lè fi ko irú òtútù bẹ́ẹ̀ lójú.

Ìyá kì í bá ọmọ gbé níbẹ̀. Bó bá ti bímọ tán, tí ara rẹ̀ sì ti mókun, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, ọmọ á kù sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn ìyá kan kò padà wá mọ́. Ó rọrùn fún ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ní wọn kì í ṣe abiyamọ tòótọ́. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò tíì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, tí kò tíì fún un lọ́mú, tí wọ́n sì ti sọ fún pé kó má fọkàn sí i jù, ibo ni ìfẹ́ yóò ti rí ohun dì mú?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní oṣù keje, láti ojú fèrèsé gíláàsì la ti ń wo ọmọ náà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n jàjà gbé e lé e lọ́wọ́, ó kọjú sí mi, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ọmọ mi nìyí?" Ìbéèrè yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ibẹ̀ ni mo ti bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bogotá pàdé.

Dókítà ọmọdé kan wà nílé ìwòsàn náà, Edgar Rey Sanabria lorúkọ rẹ̀. Ó ti kà nípa káńgárú, ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń bí ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọmọ náà kò gbó rárá nígbà tó bá jáde. Ṣe ló ń rákò wọ inú àpò tó wà níkùn ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń rí ooru àti ọmú títí yóò fi gbó. Rey ní kí àwọn ìyá ilé ìwòsàn òun ṣe bíi ti ẹranko yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà mìíràn, Héctor Martínez Gómez, dara pọ̀ mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ló sì fẹsẹ̀ ìtọ́jú káńgárú múlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á bọ́ aṣọ ọmọ, á ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e lóòró sáàárín ọmú ìyá, awọ kan awọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun má bàa dí. Wọ́n á wá fi aṣọ tó ń fà gbá a mọ́ ìyá lára, bí ìgbà tí à ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Tọ̀sán-tòru ni. Ìyá á jókòó pẹ̀lú rẹ̀, á rìn, á jẹun, á fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí tó ga sùn pẹ̀lú ọmọ láyà. Bó bá fẹ́ wẹ̀, bàbá ọmọ tàbí ìyá àgbà á gbà á sí àyà tirẹ̀. Wàrà ọmú ni oúnjẹ. Bí ọmọ bá sì ti ń mí geere, tó ń mu ọmú, wọn kì í dúró dìgbà tó bá wọn tó báyìí-báyìí kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ sílé. Àyà ìyá ni ínkúbétọ̀ tó bá a délé, wọ́n á sì máa gbé e padà wá lemọ́lemọ́ fún àyẹ̀wò.

Àwa Yorùbá mọ ọmọ pọ̀n, nítorí náà ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi sí ẹ̀yìn. Ọrùn ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò le. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ wá síwájú díẹ̀ báyìí, èémí rẹ̀ lè dá. Ìyá gbọ́dọ̀ máa rí imú rẹ̀ àti àwọ̀ ètè rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀yìn kò sì lójú.

Ooru ni Rey àti Martínez ń wá, àti bí ọmọ kò ṣe ní kú. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ ọpọlọ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọpọlọ ló wá dà, ó sì yẹ kí n fara balẹ̀ sọ ohun tó ń lọ nínú orí kékeré yẹn, nítorí láìmọ̀ ọ́n, ìyókù ìtàn yìí kò ní yé ènìyàn.

Ọmọ tí wọ́n bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n ń kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 irú wọn ni wọ́n bí ní ọdún 2020. Ẹni tó bá wo ọmọ ọ̀sẹ̀ 24 á rí i pé ìka ọwọ́ rẹ̀ pé, etí rẹ̀ pé, imú rẹ̀ hàn. Inú orí ni iṣẹ́ kù sí. Ojú ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dán bí ẹyin tí wọ́n ti bó. Àwọn ìlọ́po àti kòtò tó wà lára ọpọlọ àgbàlagbà, láàárín ìgbà yẹn sí ọ̀sẹ̀ 40 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń yọ. Ní ọ̀sẹ̀ 34 pàápàá, ọpọlọ kò tíì wọn ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí yóò wọn nígbà tí oṣù bá pé. Ìdá kan tó kù, ìta ni ọmọ náà yóò ti hù ú, lábẹ́ iná tí kì í kú, láàárín ariwo ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kan, pé ọmọ oṣù méje ń yè ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá lò sí i nínú ìyá, ọpọlọ rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń rí àǹfààní rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba aboyún, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí rẹ̀ rò pé oyún oṣù méje ti tó bí.

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà láàárín ọpọlọ ọmọ bẹ́ẹ̀ tètè ń bẹ́, pàápàá bí wọ́n bá bí i ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì léwu jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé okùn ọpọlọ, kí ìròyìn lè máa yára gba inú okùn náà kọjá, kò tíì gbó. Àìtó ọ́síjìn àti àrùn máa ń pa wọ́n lára. Apá tó ń rán ara létí láti mí náà kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dédé dá èémí dúró fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, àfi kí ẹnìkan fọwọ́ kàn án kó tó tún mí. Ẹ wá ro ọmọ tó wà láyà, tí àyà náà ń gbé e sókè tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ìyá ṣe ń mí: ìfọwọ́kàn yẹn kò dáwọ́ dúró rárá.

Ọpọlọ tó ń hù yìí ń retí àwọn ohun kan. Ìfọwọ́kàn ló kọ́kọ́ ń jí nínú gbogbo ìmọ̀lára ọmọ. Etí tẹ̀ lé e. Nígbà tí oyún bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 28, ọmọ inú ti ń gbọ́ lílù ọkàn ìyá rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Nínú ínkúbétọ̀, kí ló wá ń bá pàdé? Ariwo ẹ̀rọ ló ń gbọ́. Ọwọ́ tó bá kàn án, ọwọ́ tó fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́ ní gìgísẹ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ ni, tàbí ọwọ́ tó fẹ́ ya téèpù kúrò lára awọ rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ìtọ́jú ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà là, mi ò bá àwọn nọ́ọ̀sì wí. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn kọ́ nípa ènìyàn ni pé bí ọwọ́ bá dé, ìrora dé.

Ó wá kan ti ìyá. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé á tẹjú mọ́ ojú, á fa ọmú gidigidi, á ké ké débi pé gbogbo ilé á dìde. Ìyá á dáhùn, ọmọ á tún dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì lágbára yẹn. Á wò ọ́ fírí, á gbójú kúrò. Á yán, á sín, òsúkè á mú un, á ya ìka ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbagada. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ ohun kan: ó ti tó, ẹ jẹ́ kí n sinmi. Ìyá tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní èdè yìí á rò pé ọmọ kò fẹ́ràn òun ni, òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bí àjọṣe ṣe ń ya kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òkìkí Bogotá ti kọjá Kòlóńbíà. UNICEF ń gbé e lárugẹ, wọ́n sì ń sọ pé ikú àwọn ọmọ ti wálẹ̀ lọ́nà ìyanu. Ní 1985, oníṣègùn méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Whitelaw àti Katharine Sleath, tí wọ́n ti lọ fojú ara wọn rí i, kọ àkọsílẹ̀ wọn sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n fi hàn pé ìṣirò náà ní àlèébù: àwọn ọmọ tó ti la àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ já, tí ara wọn ti balẹ̀ débi tí wọ́n fi lè gbé wọn sáyà, nìkan ni wọ́n ń kà. Àwọn tó kú kí wọ́n tó dé àyà ìyá kò sí nínú iye náà.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dára pé ẹnìkan sọ ọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni ohun tí Whitelaw ṣe lẹ́yìn náà. Kò fi ẹnu àtẹ́ sílẹ̀ kó lọ sùn. Ó dán gbígbé ọmọ sáyà wò nílé ìwòsàn ní London, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988: àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ sáyà fún ọmọ lọ́mú pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, nígbà tí àwọn ọmọ náà sì pé oṣù mẹ́fà, ẹkún wọn kò pọ̀ tó ti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Bogotá fúnra rẹ̀ ló gba ìpèníjà náà. Nathalie Charpak, dókítà ọmọdé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ìwádìí kan láti 1993 sí 1996. Ọmọ 746 tí wọn kò wọn ju 2,000 gíráàmù lọ nígbà tí wọ́n bí wọn ló kópa. Gègé ni wọ́n fi pín wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa yan ọmọ tó gbó jù sí apá kan: 382 bọ́ sí ìtọ́jú káńgárú, 364 sí ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ikú kò pọ̀ sí i láàárín àwọn tó wà láyà ìyá, wọ́n sì tètè lọ sílé. Ìyẹn nìkan ti tó láti pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé ìwà ìkà ni kí wọ́n dá irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ padà sílé mọ́.

Láàárín àwọn olùwádìí náà ni Réjean Tessier wà, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Université Laval ní Kánádà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìyá. Wọ́n rí i pé ìyá tó gbé ọmọ sáyà, pàápàá bó bá tètè bẹ̀rẹ̀, ń gbà pé òun tó bẹ́ẹ̀, òun lè tọ́ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá fi ohunkóhun gba irú ìgboyà yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun kan tí àwọn tó ń yin ètò yìí kì í sábà sọ: àwọn ìyá káńgárú kan ń rò pé òun nìkan ni òun dá wà, pé kò sẹ́ni tó ń ran òun lọ́wọ́, àgàgà bí ọmọ bá pẹ́ nílé ìwòsàn. Gbé e yẹ̀ wò: ọmọ láyà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru, ta ni yóò se oúnjẹ? Ta ni yóò mú àwọn ọmọ yòókù lọ sílé ìwé? Àyà obìnrin kan kò lè jẹ́ ilé ìwòsàn bí kò bá sí ìyá ọkọ, àbúrò, aládùúgbò àti ọkọ tó dìde. Nípa ti ọkọ, ohun tí wọ́n rí dára: àwọn bàbá inú ẹgbẹ́ káńgárú ń bá ọmọ ṣe sí i ní ọdún àkọ́kọ́, ilé wọn sì ń mú ọmọ lọ́kàn yọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Láàárín 2012 sí 2014, wọ́n padà lọ wá àwọn ọmọ náà. Wọ́n ti di ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, wọ́n ti fọ́n káàkiri. Nínú 716 tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n wà láàyè, 494 ni wọ́n rí, 441 gbà láti tún kópa. Wọ́n wá fojú sí 264 nínú wọn, àwọn tí kò wọn ju 1,800 gíráàmù lọ nígbà ìbí, nítorí irú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìwé ìròyìn Pediatrics gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017.

Mo ti ka apá yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Àwọn tó wà láyà ìyá ní ogún ọdún sẹ́yìn kì í pa ilé ìwé jẹ tó àwọn yòókù. Wọn kò ní ìwàǹwára tó wọn, ìbínú wọn kò yá tó tiwọn, wọn kò sì bá àwùjọ fa wàhálà tó wọn. Àwọn òbí wọn ń dáàbò bò wọ́n, wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa ju àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì lọ. Àǹfààní tó bá òye orí wọn nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún kan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lára àwọn tí ara wọn hẹ́gẹhẹ̀gẹ jù ni. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, apá kan tí wọ́n ń pè ní caudate nucleus, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, tóbi lára àwọn ọmọ káńgárú ju ti àwọn yòókù lọ. Inú lọ́hùn-ún ọpọlọ ni apá yìí wà. Ó ní iṣẹ́ nínú bí a ṣe ń darí ara wa, bí a ṣe ń kọ́ àṣà tuntun, àti bí a ṣe ń kó ara wa níjàánu.

Mi ò ní sọ pé awọ ìyá ló fẹ apá ọpọlọ yẹn. Àwọn tó kọ ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà kò ní sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Ìtọ́jú káńgárú jẹ́ awọ pẹ̀lú awọ, ó jẹ́ wàrà ọmú, ó jẹ́ àyẹ̀wò lemọ́lemọ́, ó sì jẹ́ òbí tó ti gbà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ọmọ yìí tèmi ni. Kò sẹ́ni tó lè ya wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn lẹ́yìn ogún ọdún. Apá kan nínú àwọn ọmọ náà kò sì padà wá fún àyẹ̀wò. A kò lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ díẹ̀ yẹn láyà yí ilé padà, ilé náà sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ fún ogún ọdún. Bí ọmọ ogún ọdún bá lè mú sùúrù nígbà tí wọ́n bá mú un bínú, ọ̀nà rẹ̀ jìn, àmọ́ ó ṣeé tọpasẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sí.

Ísírẹ́lì náà ti rí ohun tó jọ ọ́. Ruth Feldman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ 73 tí wọ́n gbé sáyà ní wákàtí kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá wé 73 tí wọ́n jọra tí wọ́n fi sínú ínkúbétọ̀ nìkan. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, àwọn tó wà láyà ń sùn dáadáa jù, ara wọn kì í tètè gbóná sódì nígbà ìṣòro, òye wọn ń jíire jù, àárín àwọn àti ìyá wọn sì gún régé jù. Wọn kò ṣẹ́ gègé níbẹ̀, nítorí náà ti Bogotá lágbára jù lójú mi. Ṣùgbọ́n wákàtí kan péré lóòjọ́! Ilé ìwòsàn wo ni kò lè fi àga kan àti wákàtí kan sílẹ̀ fún ìyá?

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìwádìí ńlá kan lórí rẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Gánà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Íńdíà. Ọmọ 3,211 ló kópa, wọ́n wọn láti 1,000 dé 1,799 gíráàmù. Ìbéèrè ibẹ̀ ni èyí tí Whitelaw àti Sleath fi sílẹ̀ láti 1985: àwọn tí ara wọn kò tíì balẹ̀ ńkọ́? Wọn kò dúró kí ara ọmọ fìdí múlẹ̀. Kété tí wọ́n bí i ni wọ́n ti ń gbé e sáyà, wọ́n sì gbé ibùsùn ìyá wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe kí ó lè wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ń lo nǹkan bíi wákàtí 17 lóòjọ́ láyà, àwọn ẹgbẹ́ kejì wákàtí kan àbọ̀. Kí oṣù àkọ́kọ́ tó pé, 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú ẹgbẹ́ tó wà láyà, 15.7 nínú ọgọ́rùn-ún nínú èkejì. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí dúró kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, nígbà tó sì di 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìbí.

Nítorí náà, ó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ìtọ́jú yìí ní ti àwọn tí kò ní owó ẹ̀rọ. Ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe wọ̀nyẹn, ọ́síjìn wà, òògùn wà, nọ́ọ̀sì wà. Ẹ̀rọ kò kúrò nílẹ̀. Ìyá ni wọ́n jẹ́ kó wọlé.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti délé. Ọjọ́ orí méjì ni ọmọ rẹ̀ ní. Bí wọ́n bá bí i ní oṣù méjì ṣáájú àsìkò, tó wá pé oṣù mẹ́rin, ọmọ oṣù méjì ni ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó ń fún ènìyàn, èyí tí ọmọ yòókù ń rín ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni ká ti kà á. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pọ̀ òru sunkún nítorí pé ọmọ aládùúgbò wa tí wọ́n jọ bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà ti ń rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ kò rín. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí a padà ka oṣù náà dáadáa, ọmọ kò pẹ́ rárá.

Ní Bogotá, kò sẹ́ni tó ń dá ọjọ́ tí wọ́n máa sọ ọmọ kalẹ̀ láyà. Ọmọ ló ń sọ ọ́. Bó bá ti ń sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 37 tàbí tó ti wọn nǹkan bíi 2,500 gíráàmù, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa ha ìyá láyà, á ké bí wọ́n bá tún ti ń dè é. Wọ́n ti kọ́ ìyá láti mọ àmì náà. Bó bá rí i, á tú aṣọ, á tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa wo ojú ara wọn láti ibẹ̀.